Tẹlifíṣàn Yàrá Bàbá

Bàbá máa ń dá ẹni tó ń ka ìròyìn lóhùn. Bí obìnrin inú tẹlifíṣàn bá ti ní, "Ẹ káàsán o, ẹ̀yin èèyàn wa," Bàbá á ti gbà á lẹ́nu rẹ̀: "Káàsán, ọmọ mi. O ò tún sùn dáadáa, ojú ẹ wú." Lẹ́yìn náà ni yóò wá bá a jà lórí gbogbo ohun tó bá kà. Bó bá jẹ́ eré ni wọ́n ń ṣe, ó tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bàbá á máa kìlọ̀ fún àwọn òṣèré. "Má wọbẹ̀! Ìwọ ọmọ yìí, mo ní má wọbẹ̀! Ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn!" Bí ọmọ náà bá wá wọbẹ̀, tí wọ́n sì lù ú bolẹ̀, Bàbá á yíjú sí gbogbo ẹni tó wà ní pálọ̀, á ní, "Mo sọ fún un àbí mi ò sọ?"

Ohùn rẹ̀ kì í ṣe ohùn kékeré. Sọ́míìlì ló ti ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń la gẹdú, láti ìgbà ọ̀dọ́ títí ẹsẹ̀ fi kọ̀ ọ́. Ẹni tó bá dúró ti ayùn ńlá fún ìdajì ayé rẹ̀ kò ní mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Etí rẹ̀ náà kò sì fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ mọ́, nítorí náà òun fúnra rẹ̀ kò mọ bí ohùn òun ṣe ń lọ sókè tó.

Ilé Bàbá ni ilé náà. Òun ló kọ́ ọ. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ń gbé níbẹ̀ pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ. Akọ̀wé ni gbogbo àdúgbò ń pe ọmọ yìí, torí iṣẹ́ akọ̀wé ló ń ṣe níléeṣẹ́ omi. Aránṣọ ni ìyàwó rẹ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wà ní igun pálọ̀, lẹ́bàá fèrèsé, ibẹ̀ náà ló ti máa ń wọn àwọn oníbàárà. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni wọ́n bí. Bàbá ló sọ ọ́ ní Tíṣà, nítorí pé láti kékeré ló ti máa ń tún ọ̀rọ̀ tò fún gbogbo ẹni tó bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Lọ́dún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ó ń múra ìdánwò àṣejáde.

Tẹlifíṣàn kan ló wà nílé. Pálọ̀ ló wà, Bàbá ló sì máa ń jókòó síwájú rẹ̀ láti àárọ̀. Bí Akọ̀wé bá ti ibi iṣẹ́ dé, tó bọ́ bàtà, tó nà sórí àga, ó ti di ogun nìyẹn.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ."

"Kí ni wọ́n ń sọ tó ṣòroó mọ̀? Olè ni. Wo ojú ẹ̀."

"A ò tíì mọ̀ bóyá olè ni."

"Ìwọ ni o ò tíì mọ̀."

Tíṣà á gbé orí kúrò nínú ìwé. "Bàbá àgbà, lọ́yà ni wọ́n. Àwọn ló ń gbèjà ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn."

"Ẹn-ẹ́n. Mo ní olè ni."

Aránṣọ á rẹ́rìn-ín nídìí ẹ̀rọ títí aṣọ á fi yẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Akọ̀wé kì í rẹ́rìn-ín. Á dìde, á lọ jókòó síta.

Lọ́jọ́ kan, ó bá ìyàwó rẹ̀ ní kíṣìnnì. Ó ti ilẹ̀kùn.

"Ìyá Tíṣà, mo fẹ́ gbé tẹlifíṣàn kan sí yàrá Bàbá."

"Ṣé wọ́n ní àwọ́n fẹ́ ẹ ni?"

"Ṣé dandan ni kí wọ́n sọ ọ́? Kí wọ́n ní tiwọn. Kí wọ́n máa wo ohun tó wù wọ́n lórí ibùsùn wọn, láìsí pé wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n rìn wá sí pálọ̀. Ìtọ́jú ni."

Ìtọ́jú kọ́. Akọ̀wé fẹ́ kí pálọ̀ dákẹ́. Aránṣọ mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì sọ ọ́, torí pé ó ti sú òun náà díẹ̀. Bàbá máa ń dá sí ọ̀rọ̀ àwọn oníbàárà. Bí obìnrin kan bá ní kí wọ́n fún aṣọ mọ́ òun ní ìdí, Bàbá á ní, "Níbo lo fẹ́ gbé ìyókù sí?" Ọ̀pọ̀ wọn máa ń rẹ́rìn-ín. Ẹnìkan ti gbé aṣọ rẹ̀ lọ, kò sì padà wá. Aránṣọ ro ìyẹn, ó ń bu omi sí ìkòkò.

"Ó dáa náà," ló sọ.

Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ fún Bàbá, inú rẹ̀ dùn débi pé ojú ti àwọn méjèèjì.

"Tèmi nìkan? Nínú yàrá mi?"

"Tiyín nìkan, Bàbá."

"Àti rìmóòtù?"

"Àti rìmóòtù."

Bàbá fi ọ̀pá ta ilẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó gba iwájú ilé kọjá tí kò gbọ́ ọ. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o! Ọmọ mi fẹ́ fi tẹlifíṣàn sí yàrá mi! Bí ẹ ò bá rí mi níta mọ́, ẹ má ní mo ti kú o, mo ń wo nǹkan ni!"

Ọkùnrin tó wá so ó ni wọ́n ń pè ní Ó-Ti-Dé, nítorí pé bó bá ti gun òkè ilé, ohun kan ṣoṣo tó máa ń kígbe rẹ̀ nìyẹn: "Ṣé ó ti dé?" Bó ṣe ń yí orí díìṣì lókè, Bàbá ń dá a lóhùn láti yàrá. "Kò tíì dé! Yí i sọ́tùn-ún!" Bàbá kò mọ nǹkan kan nípa díìṣì. Nígbà tí àwòrán yọ, ó pariwo tó jẹ́ pé Ó-Ti-Dé di páànù mú. "Bàbá, ẹ má jẹ́ n já o! Ìyàwó mi ṣì kéré!"

Ó fa wáyà kan láti orí òrùlé wọ yàrá Bàbá, ó wá lu ihò sí ògiri, ó fa òmíràn láti ìdí dẹkódà pálọ̀ lọ sí ìdí dẹkódà tuntun. Aránṣọ kò sí nílé, ó ti gbé aṣọ lọ fún oníbàárà. Akọ̀wé ló dúró tì í. Ṣùgbọ́n páìpù ńlá kan bẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà, àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ̀ kò sì jẹ́ kí fóònù rẹ̀ sinmi.

"Ọ̀gá, ẹ gbọ́ o," ni Ó-Ti-Dé wí, ó ń nu ọwọ́ sára ṣòkòtò. "Ti pálọ̀ yìí ni ìyá. Ti yàrá Bàbá, ọmọ ni. Wáyà tó gba inú ògiri yìí, òun lọmọ fi ń mu ọmú. Bí ẹ bá pa ìyá, ọmọ ò ní ríran. Àwòrán á lọ, ìwé á jáde lójú ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ti pálọ̀ máa wà lórí iná nígbà gbogbo. Ẹ lè pa tẹlifíṣàn. Dẹkódà ni kẹ́ ẹ má pa."

Akọ̀wé fi ọwọ́ bo ẹnu fóònù. "Mo ti gbọ́." Ó mú ọwọ́ kúrò. "Ẹ ní àdúgbò wo ló tún bẹ́?"

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ dẹkódà ti kúrò lọ́kàn rẹ̀ pátápátá. Kò sọ ọ́ fún ìyàwó rẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ gan-an ló sì yẹ kó gbọ́ ọ. Ibi tí Aránṣọ ti kọ́ṣẹ́ jóná. Áyọ́ọ̀nù kan tí wọ́n gbàgbé lórí tábìlì ló jó o, pẹ̀lú aṣọ onílé àti aṣọ àlejò. Láti ìgbà yẹn, kò sí ohun tó ń lo iná tí Aránṣọ á fi sílẹ̀ kó jáde. Bó bá fẹ́ lọ ra òwú lásán, á kọ́kọ́ lọ sí ìdí ògiri, á pa áyọ́ọ̀nù, á pa fáànù, á pa tẹlifíṣàn, á pa dẹkódà, á tún padà wá wò ó bóyá òun ti pa wọ́n.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ayọ̀ ni. Bàbá ń wo nǹkan ní yàrá rẹ̀, ó ń pè wọ́n láti ibẹ̀. "Ẹ wá wo ọkùnrin yìí! Ẹ wá wo bó ṣe ń jẹun!" Tíṣà máa ń sáré lọ. Nígbà tó yá, ìwé gbà á lọ́wọ́, ó wá kù kí wọ́n jókòó sí pálọ̀ kí wọ́n dáhùn pé, "Ẹ̀ẹ̀n, Bàbá, a ti rí i." Wọn kò rí nǹkan kan. Ohun mìíràn ni wọ́n ń wò.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ìjàkadì ni wọ́n ń ṣe lórí tẹlifíṣàn Bàbá. Ọkùnrin kan tó tóbi bí àpótí aṣọ gbé òmíràn sókè, Bàbá sì wà pẹ̀lú wọn níbẹ̀. "Sọ ọ́ mọ́lẹ̀! Sọ ọ́! Kí lo tún ń rò?" Ọ̀pá rẹ̀ ń lu ilẹ̀ gbà-gbà-gbà. Tíṣà jáde láti yàrá rẹ̀ pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, ojú rẹ̀ kún fún omijé. Ìdánwò ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Akọ̀wé dìde, ó lọ kan ilẹ̀kùn Bàbá.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ rọra. Ọmọ ń kàwé."

"Mi ò ṣe nǹkan kan. Ọ̀dẹ̀ yẹn ni kò sọ ọ́ mọ́lẹ̀."

"Bàbá. Torí ariwo yìí náà la ṣe gbé e wá sí yàrá yín."

Ó ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Bàbá wò ó. Akọ̀wé náà mọ̀ pé òun ti sọ ọ́. Ó fà sẹ́yìn, ó rọra ti ilẹ̀kùn, ó mú kọ́kọ́rọ́, ó jáde lọ.

Kò pẹ́ sí i, òwú dúdú tán lọ́wọ́ Aránṣọ. Ó dìde, ó lọ sí ìdí ògiri, ó pa gbogbo nǹkan, ó jáde.

Nínú yàrá, àwọn oníjàkadì pòórá. Ojú tẹlifíṣàn di búlúù, ìwé kan sì jáde sí àárín rẹ̀, ìwé tínńtín tí ojú Bàbá kò lè kà. Ó kọ́kọ́ rò pé iná ló lọ, ṣùgbọ́n fáànù ń yí lókè. Ó tẹ rìmóòtù. Ó tẹ̀ ẹ́ títí àtàǹpàkò fi ń ro ó. Lẹ́yìn náà ló gbé e sílẹ̀.

Ọkùnrin náà kì í ṣe òmùgọ̀. Ọmọ rẹ̀ wá bá a, ó ní ariwo rẹ̀ pọ̀. Kò pẹ́, àwòrán lọ. Kí ni kó tún rò? Ó lè pariwo pè wọ́n kó béèrè. Kò béèrè. Ilé tí òun fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́, òun ò ní bẹ ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀ pé kó tan nǹkan fún òun. Ó jókòó, ó dákẹ́. Nígbà tí Aránṣọ dé pẹ̀lú òwú tó tan iná padà, àwòrán yọ. Bàbá ti dákẹ́ fún bíi wákàtí kan nígbà yẹn. Ó wá ní, hẹn, bó ṣe rí nìyẹn.

Ó tún ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn tó rẹ́rìn-ín kèé-kèé sí aláwàdà kan, tí Aránṣọ sì fẹ́ lọ gba aṣọ lọ́wọ́ alágbàfọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, Bàbá kò tún nílò ẹni tó máa kọ́ ọ.

Ilé dákẹ́. Akọ̀wé ń na ẹsẹ̀ ní pálọ̀, ó ń gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tí àwọn òṣèré ń sọ láti orí dé ìsàlẹ̀. "Ṣé o rí i báyìí? Mo sọ fún ẹ pé Bàbá á fẹ́ràn ẹ̀. Wọn ò tiẹ̀ rántí wa mọ́." Tíṣà ṣe ìdánwò rẹ̀, ó parí rẹ̀. Aránṣọ náà ń rán aṣọ tó pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bó bá gbé oúnjẹ wọlé fún Bàbá, á bá a tó jókòó ṣinṣin, tó ń wo tẹlifíṣàn bí ẹni tó wà nílé ìwé. "Ó ti dáa, Ìyàwó. O ṣé." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Aránṣọ ní ọjọ́ orí ló ń pọ̀ sí i.

Nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ oníbàárà rẹ̀ ló kọ́kọ́ béèrè. Ó dúró ní àárín pálọ̀, ó na apá kí wọ́n wọn òun, ó wá ń wò yíká.

"Bàbá dà? Ṣé wọ́n rìnrìnàjò ni?"

"Wọ́n wà ní yàrá. Wọ́n ń wo tẹlifíṣàn."

"Ara wọn le?"

"Ara wọn le dáadáa."

"Àwọn tí wọ́n máa ń bú mi! Nígbà tí mo wá kẹ́yìn, wọ́n ní kí n kọ́kọ́ lọ jẹun kí n tó máa gún èèyàn lábẹ́rẹ́, pé ẹni tébi ń pa, kò mọ ibi tí ìdí wà." Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, Aránṣọ náà rẹ́rìn-ín. "Wọn ò wá gbọ́ ohùn mi ni? Ilé yìí wá rí bí ilé tí kò sẹ́nìkan."

Téèpù dúró lọ́wọ́ Aránṣọ. Ó fetí sílẹ̀. Kò gbọ́ nǹkan kan láti yàrá, àfi ohùn tẹlifíṣàn, tí ohùn náà sì kéré. Ó gbìyànjú láti rántí ìgbà tí Bàbá kìlọ̀ fún òṣèré kẹ́yìn. Kò rántí.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì ń lọ, Aránṣọ fẹ́ bá a dé òpin òpópónà kó lọ ra bọ́tìnnì. Ó pa gbogbo nǹkan, ó jáde. Kò tíì rìn jìnnà tó fi rántí pé òun kò mú bọ́tìnnì tí òun fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ. Ó padà sílé. Bó ṣe ń kọjá níwájú yàrá Bàbá, ó ní kí òun kí i. Ó ṣí ilẹ̀kùn.

Bàbá jókòó sí etí ibùsùn. Ó kó ọwọ́ méjèèjì lé orókùn. Iwájú rẹ̀, tẹlifíṣàn ń tàn ní búlúù lásán.

"Ah, Bàbá, kí ló ṣe é?"

Bàbá kò wo ojú rẹ̀. "Mi ò sọ̀rọ̀ lónìí o, Ìyàwó."

"Ẹ ní kí lẹ ò ṣe?"

"Mi ò sọ̀rọ̀ rárá. Ẹ̀rín ni mo rín. Ọkùnrin yẹn ló ṣubú sínú ọpọ́n omi, ó bá mi lójijì. Mo sì ti fi aṣọ bo ẹnu kó tó jáde tán." Aṣọ inura rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. "Ṣé ẹ gbọ́ ọ lọ́hùn-ún ni?"

Aránṣọ kò tíì mọ ohun tó ń gbọ́, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé kò dáa. Ó sún mọ́ tẹlifíṣàn, ó ka ìwé tó wà lójú rẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀rọ àkọ́kọ́ kò sí lórí iná, kí wọ́n lọ tan án. Ẹ̀rọ àkọ́kọ́. Ó yí padà, ó sáré lọ sí pálọ̀, ó tan dẹkódà, ó sáré padà. Nígbà tó fi dé ẹnu ọ̀nà yàrá, ọkùnrin inú ọpọ́n omi ti yọ, ó ń gbọn aṣọ rẹ̀.

"O ṣé," ni Bàbá wí.

Aránṣọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ló gbọ́ ìyókù lẹ́nu rẹ̀. Kò fẹ́ sọ ọ́, Aránṣọ ló ń fà á yọ, ó ń bi í pé ìgbà wo, pé ta ló sọ bẹ́ẹ̀. Bàbá sì ń dá a lóhùn bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ fún àwọn tó ṣẹ̀ ẹ́. Ó ní òun kò bínú. Ó ní ẹni tó ní iná ló ní àṣẹ.

Aránṣọ lọ pe ọkọ rẹ̀ lórí fóònù láti ẹ̀yìn ilé.

"Bàbá Tíṣà, ọkùnrin tó so tẹlifíṣàn Bàbá, ṣé ó sọ nǹkan kan fún yín nípa pé ká má pa ti pálọ̀?"

"Hẹn," ni Akọ̀wé wí. "Ó sọ ọ́ o. Ó ní bá a bá pa á, ti Bàbá á lọ. Kí ló dé?"

"Ṣé ẹ sọ fún mi?"

"Páìpù ló bẹ́ lọ́jọ́ yẹn..."

"Páìpù! Kí páìpù yín máa bẹ́ lọ. Ẹ máa bọ̀ nílé. Bàbá rò pé à ń fi tẹlifíṣàn na àwọn lẹ́gba."

Akọ̀wé dé kí oòrùn tó wọ̀. Kò bọ́ bàtà. Ó wọ yàrá Bàbá pẹ̀lú ìtara ẹni tó fẹ́ tún nǹkan ṣe kíá.

"Bàbá, kò sẹ́ni tó pa á mọ́ yín lójú o. Ẹ̀rọ ni. Ẹ wò ó." Ó gbé orí síta. "Tíṣà! Pa dẹkódà!" Àwòrán lọ. "Tan án!" Àwòrán padà. "Ṣé ẹ rí i? Bí wọ́n bá pa ti pálọ̀, tiyín náà á kú. Ìyá Tíṣà ni kò mọ̀, ó máa ń pa iná káàkiri. Ṣé ó yé yín báyìí?"

"Ó yé mi," ni Bàbá wí. "Pálọ̀ lẹ ti ń pa á."

Ohun tí Akọ̀wé fi hàn án kò ju ohun tí Bàbá ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ lọ.

Aránṣọ ló sọ̀rọ̀. "Bàbá, ṣé ẹ wá rò pé a lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí yín?"

Bàbá ro ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Kò fẹ́ purọ́. "Mo rò ó," ló sọ. "Ọmọ mi ló sọ fún mi pé torí ariwo mi ni."

Akọ̀wé lóṣòó síwájú bàbá rẹ̀, bí ìgbà tó wà lọ́mọdé tí wọ́n fẹ́ yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ rẹ̀. "Ẹ má bínú, Bàbá. Mi ò mọ̀ pé... Ẹ má bínú."

"Ta ló ń bínú? Òótọ́ lo sọ. Ohùn mi pọ̀." Ó na ọwọ́, ó fọwọ́ kan orí ọmọ rẹ̀. Ó fọwọ́ kàn án díẹ̀, ó mú un kúrò. "Dìde, aṣọ iṣẹ́ ẹ á dọ̀tí."

Wọ́n ní kó wá jókòó pẹ̀lú wọn ní pálọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ yẹn. Ó wá. Ó jókòó sí etí àga, kò fẹ̀yìn tì. Tíṣà fi eré sí i, irú èyí tí olè pọ̀ nínú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń wo eré náà. Bàbá ni wọ́n ń wò.

"Bàbá àgbà, ta lẹ rò pé ó jí i?" ni Tíṣà bi í.

"Ẹ jẹ́ ká máa wò ó lọ. A máa rí i."

"Ẹ sọ tiyín ná. Ṣé ìyàwó yẹn kọ́?"

"Ó lè jẹ́ òun. Ó lè máà jẹ́ òun."

Kí eré tó parí, Bàbá dìde, ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé o. Mo gbádùn rẹ̀." Bẹ́ẹ̀ ni àlejò ṣe máa ń sọ ọ́. Wọ́n gbọ́ ọ̀pá rẹ̀ tó ń lọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ jẹ́jẹ́, ó ń gbé e sílẹ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó sùn.

Aránṣọ kò jẹ́ kó tutù. Ó pe Ó-Ti-Dé.

"Ìyá tẹ́ ẹ sọ pé ó wà ní pálọ̀, ṣé ẹ lè sọ Bàbá di ìyá?"

Ó-Ti-Dé rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. "Ìyá Tíṣà, ẹ tún un sọ. Ẹ fẹ́ kí n sọ Bàbá di kí ni?"

"Ẹ mọ ohun tí mò ń sọ."

"Ó ṣeé ṣe. Mo kàn máa gbé ti pálọ̀ lọ sí yàrá, kí n gbé ti yàrá wá sí pálọ̀. Àmọ́ nígbà náà, bí Bàbá bá pa tiwọn, ẹ̀yin ni ẹ ò ní ríran."

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ ẹ."

Ó wá, ó ṣe é. Akọ̀wé fúnra rẹ̀ ló ṣàlàyé fún Bàbá. Lọ́tẹ̀ yìí, kò kánjú. Ó ní, "Bàbá, ó ti wà lọ́wọ́ yín. Kò sẹ́ni tó lè pa tiyín mọ́. Ẹ̀yin lẹ lè pa tiwa. Bí a bá ṣẹ̀ yín, ẹ pa á." Ó fẹ́ kó dà bí àwàdà. Ó fẹ́ kí Bàbá bú òun, kó ní, ó dáa, màá fojú yín rí nǹkan. Bàbá mi orí. Ó béèrè èwo gan-an ni bọ́tìnnì tí òun ò gbọ́dọ̀ tẹ̀.

"Kò sí èyí tí ẹ ò gbọ́dọ̀ tẹ̀, Bàbá. Èyí pupa yìí ló ń pa á."

"Pupa. Mo ti gbọ́."

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan lẹ́yìn ìyẹn, Aránṣọ kó aṣọ tó ti fọ̀ lọ sí yàrá Bàbá. Bàbá wà lórí ibùsùn, ó dojú kọ ògiri, ó fi aṣọ inura bo ojú. Tẹlifíṣàn ń tàn. Kò ní ohùn. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń jó lára ògiri níwájú rẹ̀, ó ń pupa, ó ń funfun.

"Bàbá, ẹ ò pa á kẹ́ ẹ sùn dáadáa?"

Kò tíì sùn. "Ṣé ẹ ti wò ó tán lọ́hùn-ún?"

"Kò sẹ́ni tó ń wò ó. Tíṣà lọ kí ọ̀rẹ́ ẹ̀, bàbá ẹ̀ wà níbi iṣẹ́. Èmi ń ránṣọ."

"Ẹnìkan lè fẹ́ wò ó."

"Kò sẹ́nìkan, Bàbá."

"Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, Ìyàwó."

"Ó ń tàn sí yín lójú."

"Kò ṣe mí ní nǹkan kan." Ó fa aṣọ náà sókè díẹ̀ sí i. "Kò dùn mọ́ èèyàn, pé kó máa wo nǹkan lọ, kí wọ́n pa á mọ́ ọn lójú. Mi ò ní ṣe é fún ẹnikẹ́ni."

Aránṣọ kó aṣọ sílẹ̀. Rìmóòtù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ irọ̀rí, ó na ọwọ́ mú un. Ó wo bọ́tìnnì pupa náà. Ó wo ẹ̀yìn Bàbá, tó ń mí lábẹ́ ẹ̀wù. Bó bá pa á, Bàbá á mọ̀. Á ní wọ́n ti tún pa á.

Ó dá rìmóòtù padà síbi tó wà, ó jókòó sí ẹsẹ̀ ibùsùn, ó ń wo àwọn èèyàn tó ń la ẹnu tí kò sẹ́ni tó ń gbọ́ wọn.